Bọ́ọ̀dù $44 fẹ́ bá Raspberry Pi du ọjà: kí ni tiwa níbẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀?

Lọ́jọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìròyìn méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Qualcomm, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọpọlọ ọ̀pọ̀ fóònù Android, kéde pé òun fẹ́ ra Arduino, ilé iṣẹ́ tó ti ìlú Ivrea ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Arduino gbé kọ̀ǹpútà tuntun kan síta. UNO Q lorúkọ ẹ̀, $44 sì ni iye tí wọ́n fi lé e. Látìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ṣé èyí á lè gba ọjà mọ́ Raspberry Pi lọ́wọ́?

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí, kọ̀ǹpútà orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo là ń sọ. Kò ní ojú tí wọ́n ń wò, kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní bátìrì, kò sì ní àpótí. Pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bíi káàdì ATM ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ, RAM, WiFi àti ihò USB, gbogbo ẹ̀ ló wà lára ẹ̀. Ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ẹ fún un ní kíbọ́ọ̀dù, ó di kọ̀ǹpútà. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó di alákòóso ẹ̀rọ náà.

Kí ló kan èmi tí mo ka òfin nínú èyí? Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo ni ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, wà. Àwọn àbúrò mi tó ń kàwé níbẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbádùn tí àsìkò project àṣekágbá bá ti dé. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?" "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan sí i." Ọ̀kan fẹ́ ṣe àpótí tó máa bá adìyẹ sàba lórí ẹyin. Òmíràn fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ omi inú adágún ẹja fúnra ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wá bọ́ọ̀dù, owó tí wọ́n sì fẹ́ fi rà á, owó oúnjẹ ni. Tí ọmọ náà bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ ẹ̀ mu, kò sí owó òmíràn mọ́ lọ́dún yẹn.

Èsì tí mo máa ń fún wọn ò gùn. Bọ́ọ̀dù tuntun yìí tó bá Raspberry Pi figagbága lórí irú iṣẹ́ kan. Lórí ìyókù, kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ló máa pinnu ẹni tó máa borí. Ẹni tó bá ṣì dúró ti ọjà ẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún ló máa borí. Àwa tá a jẹ́ ará Ọ̀ṣun ò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, torí a ti fi owó wa kọ́ ọ rí.

Olówó pọ́ọ́kú lójú ta ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2012 ni Raspberry Pi àkọ́kọ́ dé orí àtẹ, $35 ni. Dọ́là kan ò ju nǹkan bíi N157 lọ nígbà yẹn, nítorí náà owó bọ́ọ̀dù náà jẹ́ bíi N5,500. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ N18,000. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ á ra bọ́ọ̀dù yìí, kò sì ní ná tó ìdá mẹ́ta owó ẹ̀.

Ẹ wá wo tòní. Tá a bá fi dọ́là kan sí N1,400, $44 ti di N61,600. N70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Ẹni tó bá fi owó oṣù yẹn ra UNO Q, N8,400 péré ló máa kù sí i lọ́wọ́, a ò sì tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e wá àti èrè ẹni tó ń tà á ní Ikeja. Dọ́là mẹ́sàn-án péré ló fi ju ti ọdún 2012 lọ lójú Òyìnbó. Lójú tiwa, ohun tí kò tó ìdá mẹ́ta owó oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó oṣù tán. Náírà ló ṣe wá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Arduino, kì í sì í ṣe Raspberry Pi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pariwo pé "kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ti dé fún àwọn ọmọ Áfíríkà". Ọjà tó bá gbé owó oṣù odindi èèyàn lọ kì í ṣe pọ́ọ́kú, ojú ìdókòwò ló yẹ ká fi wò ó. Ẹni tó ń dókòwò á béèrè bóyá ohun tóun rà máa pẹ́.

Méjèèjì lórí àtẹ kan náà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Raspberry Pi náà gbé Pi 5 kan jáde tó jẹ́ $45, RAM 1GB ló ní. Ẹ rí i pé dọ́là kan ló wà láàárín òun àti UNO Q, ó wá dùn ún fi wéra.

UNO Q ní RAM 2GB, ó sì ní ibi ìpamọ́ 16GB tí wọ́n jó mọ́ ara bọ́ọ̀dù. Pi 5 yẹn ò ní ibi ìpamọ́ kankan, mẹ́mọ́rì káàdì lẹ máa lọ rà fún un. Ẹni tó bá mọ bí mẹ́mọ́rì ayédèrú ṣe kún ọjà wa, tó sì mọ ohun tí mímú iná lọ lójijì máa ń ṣe sí káàdì tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì. Tí káàdì Pi bá bàjẹ́, ẹ máa yọ ọ́ sọnù, ẹ fi òmíràn sí i. Tí ibi ìpamọ́ UNO Q bá bàjẹ́, ó ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ọwọ́ àwọn tó ní irinṣẹ́ gidi nìkan ló lè ràn án.

Tó bá kan ọpọlọ, Pi 5 jìnnà sí i níwájú. Irú ọpọlọ tó wà nínú UNO Q, Cortex-A53, irú ẹ̀ náà ló wà nínú Raspberry Pi 3 ti ọdún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti UNO Q yára jù ú lọ. Ti Pi 5 jẹ́ Cortex-A76, ìran tó dé lẹ́yìn ẹ̀ pátápátá. Ẹni tó fẹ́ ṣí oríṣiríṣi ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fẹ́ wo fídíò, á mọ ìyàtọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Pi 5 sì ní ihò méjì tí wọ́n ń ti wáyà HDMI bọ̀. Ihò USB-C kan ṣoṣo ni UNO Q ní, ẹ máa tún ra ohun tó ń pín ihò kí ẹ tó lè so ó mọ́ tẹlifíṣàn.

Níbi iná, UNO Q ló wù mí jù. Ṣájà 5V tó ń gbé 3A ló tó o, irú èyí tí ẹni tó bá ra fóònù tó dáa lè ti ní nílé. Pi 5 ń fẹ́ 5A kó tó lè ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ṣájà fóònù wa ò sì sábà gbé e dé ibẹ̀. Fún ẹni tó ń fi power bank la òru kọjá nígbà tí IBEDC bá ti mú iná lọ, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ bó ṣe yára lọ.

Ibi tí UNO Q ti gba ipò iwájú ni pé ọpọlọ méjì ló ní. Ọ̀kan ń gbé Linux, ìkejì kékeré kan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka ooru, kó máa tan iná, kó máa pa ẹ̀rọ, lákòókò gẹ́lẹ́, bí Linux tiẹ̀ ń sinmi. Raspberry Pi 5 ò ní ihò tí ẹ lè kì ohun tó ń wọn ooru lọ́nà àtijọ́ bọ̀ ní tààràtà, ẹ máa ra nǹkan mìíràn kún un. Àpótí ẹyin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ UNO Q ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ka ẹnjiníà nílẹ̀ yìí ló sì ti fi Arduino UNO àtijọ́, tàbí àdàkọ ẹ̀ láti Ṣáínà, kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀dù tuntun yìí bá ti àtijọ́ dọ́gba ní ìrísí, ohun tí wọ́n ń gbé lé ti àtijọ́ lórí lè wọ̀ ọ́. Kí ẹ kàn rántí pé 5V ni UNO àtijọ́ ń lò, 3.3V ni tuntun yìí ń lò. Ẹni tí kò bá kíyè sí i lè fi iná jó N61,600.

Àwọn tó ti wá tí wọ́n ti lọ

Kò sí ọdún tí ẹnì kan ò ní pariwo pé òun ti rí ohun tó máa pa Raspberry Pi. Lọ́dún 2015, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Next Thing Co., gbé C.H.I.P. jáde. Dọ́là mẹ́sàn-án! Àwọn èèyàn dáwó lé mílíọ̀nù méjì dọ́là fún wọn lórí Kickstarter. Nígbà tó máa fi di ọdún 2018, ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Àwọn tó ra bọ́ọ̀dù náà ṣì ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó máa tún software ẹ̀ ṣe ò sí mọ́. Ọmọ òrukàn ni kọ̀ǹpútà tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo Raspberry Pi. Software Raspberry Pi OS tí wọ́n ń gbé jáde lónìí ṣì ní ẹ̀dà kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ọdún 2012. Ilé iṣẹ́ náà máa ń kọ ọ́ síta, fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ọdún tí wọ́n máa ṣe é dé ó kéré tán. Wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù ọgọ́ta lọ kí wọ́n tó wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní London ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ìṣòro yòówù tó bá bá yín láàárín òru ní Òkè-Baálẹ̀, ẹnì kan ti kó sí i rí, ó sì ti kọ ọ̀nà àbáyọ síbì kan. Ohun tí wọ́n ń tà gan-an nìyẹn, bọ́ọ̀dù kàn jẹ́ àpò tí wọ́n fi gbé e ni.

Síbẹ̀, wọn ò ṣe é ká máa bọ. Láàárín ọdún 2021 sí 2023, nígbà tí chip wọ́n káyé, èèyàn ò rí Raspberry Pi rà ní iye tí wọ́n pè é. Àwọn tó ń kó o pamọ́ tà á ní ìlọ́po. Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí Orange Pi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láti Ṣáínà. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Àwọn kan dúró síbẹ̀, àwọn tó pọ̀ sì padà, torí pé bọ́ọ̀dù náà dáa ṣùgbọ́n software ẹ̀ ń ṣe ségesège. Ní òpin ọdún 2025, owó RAM tún gbé sókè lágbàáyé torí àwọn ilé iṣẹ́ AI tó ń kó o rà. Pi 5 tó ní RAM 16GB, tó jẹ́ $120 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, di $145 ní oṣù Kejìlá. Àyè ti tún ṣí fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé.

Ṣé Arduino lè wọ ibẹ̀? Ó ní orúkọ, ó ní àwọn olùkọ́, ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kò rí bíi C.H.I.P. rárá. Ohun tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni Qualcomm. Ilé iṣẹ́ ńlá tó bá ra kékeré lè tọ́ ọ dàgbà, ó sì lè pa á tì lọ́jọ́ tí ìṣirò èrè bá yí padà. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló máa sọ fún wa.

Ọ̀ṣun ti rin ọ̀nà yìí rí

Lọ́dún 2005, Nicholas Negroponte ṣèlérí kọ̀ǹpútà $100 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láyé. Ìjọba Ọbásanjọ́ sọ pé Nàìjíríà máa ra mílíọ̀nù kan. Wọ́n fi dánrawò nílé ìwé kan ní Abuja lọ́dún 2007. Owó ẹ̀ sún mọ́ $200 kó tó délé, ìjọba sì yí padà. Mílíọ̀nù kan náà ò dé títí di òní.

Ó wá kan ilé wa. Lọ́dún 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé gíríámà. 150,000 ni wọ́n ní àwọn máa pín. Ìwé ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀, ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ ká sọ òótọ́: èrò náà dára gan-an. Ẹni tó ronú pé ọmọ abúlé ò gbọ́dọ̀ máa ra data kó tó kàwé, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Láàárín àkókò ìjọba yẹn náà ni RLG, ilé iṣẹ́ Ghana, wá fìdí ibi tí wọ́n ti ń to fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ kalẹ̀ ní Iléṣà. Àwa ọ̀dọ́ nígbà yẹn, inú wa dùn. Kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kẹ̀!

Ẹ wá sọ fún mi, ọmọ ilé ìwé mélòó lẹ rí Ọpọ́n Ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí? Ta lẹ mọ̀ tó ń lo kọ̀ǹpútà RLG? Mi ò ní ká máa bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mi ni pé: nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá fọ́, ta ló yẹ kó pààrọ̀ ẹ̀, owó ta ni? Nígbà tí ìwé ẹ̀kọ́ bá yí padà, ta ló yẹ kó fi tuntun sínú ẹ̀? Nígbà tí gómìnà bá lọ, ọ́fíìsì wo ló di ẹrù náà mú? Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ nìkan la máa ń rí nínú ìròyìn. Kò sí ẹni tó ń pe oníròyìn sí ọjọ́ tí bátìrì kú.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tó ń jẹ́ olówó pọ́ọ́kú ṣì ń bọ̀ wá bá ìjọba ìpínlẹ̀ wa àti àwọn ilé ìwé wa. Bóyá UNO Q ni, bóyá Orange Pi ni, bóyá nǹkan tí wọn ò tíì sọ lórúkọ ni. Ẹ jẹ́ ká ti ní ìbéèrè lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin fi dandan lé e pé kí ìjọba ra èyí tó bá pọ́ọ́kú jù. Irọ́ ni. Abala 24 nínú òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó borí ni ẹni tí iye ẹ̀ kéré jù lẹ́yìn àyẹ̀wò, láàárín àwọn tó ti kúnjú ohun tí ìjọba béèrè fún. Òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ìpínlẹ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú ẹ̀ wúlò níbi gbogbo: ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú ìwé pé ẹ fẹ́ lẹ máa rí. Tí ìwé náà bá sọ RAM àti iye nìkan, ẹni tó máa sá lọ lọ́la ló máa borí, ó sì máa borí lábẹ́ òfin.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn bọ́ọ̀dù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tí ìpínlẹ̀ tàbí yunifásítì bá fẹ́ rà. Àkọ́kọ́, ọdún tí wọ́n máa fi tún software ẹ̀ ṣe, kí ó ṣe kedere. Èkejì, ohun èlò tí wọ́n máa fi tún un ṣe, kó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ọmọ Iléṣà má bàa máa wọkọ̀ lọ sí Ikeja torí ihò USB. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́ olùkọ́ kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ dé. Ẹ̀kẹrin, tí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, kí software náà di ti ẹni tó rà á, kí àwọn ọmọ tiwa lè máa tún un ṣe lọ.

Ẹni tó ń fi owó ara ẹ̀ rà á náà ní ẹ̀tọ́. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dáa. Ẹ̀tọ́ yẹn lágbára tí ẹni tó tà á bá wà ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá fi $5 tí wọ́n dín kù ra á tààrà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ ní Shenzhen, òfin ṣì wà, àmọ́ ẹ wá fọkàn yàwòrán ẹni tó máa bá yín fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé e lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ owó tiyín

Tó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ máa tẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ máa ka PDF, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀dù. Laptop tòkunbọ̀ tó ní ojú, kíbọ́ọ̀dù àti bátìrì lójú ara ẹ̀ máa ṣe yín lóore ju méjèèjì lọ, torí ohun tẹ́ ẹ máa fi kún bọ́ọ̀dù lè ju owó bọ́ọ̀dù lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ Linux, tẹ́ ẹ fẹ́ dá server kékeré sílẹ̀, Raspberry Pi ni, kódà Pi 4 tẹ́nì kan ti lò rí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ kan nǹkan, tó ń wọn ooru, tó ń ṣí omi, tó sì tún fẹ́ máa ronú díẹ̀, UNO Q tó gbìyànjú, mo sì lè fi owó sí i fún àbúrò mi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kó kàn tan iná kó pa iná ni, UNO àtijọ́ tó, ẹ má ná owó oṣù lórí ohun tí owó kékeré lè ṣe.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wá ẹnì kan ní Òṣogbo tàbí Iléṣà tó ti lo irú bọ́ọ̀dù náà fún ọdún kan, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀ àti ẹni tó bá a tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá a títí tẹ́ ò rí ẹnì kankan, iye yòówù kí wọ́n kọ sára páálí, kò tíì pọ́ọ́kú.